Ọ̀rọ̀ ni Kí A Dá Lóhùn, Kì í Ṣe Orírun Ẹni Tí Ó Sọ Ọ́

Ní ọdún 2004 ni Ọba Erediauwa ti Benin tẹ ìwé kan jáde nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni Kábíyèsí ti sọ pé Odùduwà kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe Ekaladerhan, ọmọ Ogiso tí wọ́n lé kúrò ní Benin. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, kò sì tíì tán. Ìwé pélébé yìí kò wá dá ẹjọ́ ìtàn náà. Bí a ti ń jiyàn rẹ̀ ni ó kàn án.

“Ọba Benin ni, kí ni ẹ rò pé yóò sọ?” Báyìí ni àwọn kan ṣe ń fèsì. Gbólóhùn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni ni ó kọlù, kò kan ọ̀rọ̀. Pé ẹnìkan ní àǹfààní nínú ohun tí ó sọ kò sọ ọ́ di irọ́. Ó kàn kìlọ̀ pé kí a yẹ ẹ̀rí rẹ̀ wò fínnífínní ni.

Ọwọ́ ìhà kejì náà kò mọ́. Jacob Egharevba, òpìtàn Benin tí ìwé rẹ̀ lédè Edo jáde ní 1933, kọ ọ́ pé àwọn àgbà Benin ni wọ́n ránṣẹ́ sí Odùduwà ní Ifẹ̀ kí ó fún wọn ní ọmọ ọba, tí Ọ̀rànmíyàn fi wá. Àwọn tí ìtàn yìí kò tẹ́ lọ́rùn a máa rán ni létí pé Ìdànrè ni wọ́n bí i sí. Òtítọ́ ni, ní 1893. Ṣùgbọ́n ìlú ìbí kì í ṣe ẹ̀rí. Ọba Erediauwa pàápàá kàwé ní Government College, Ìbàdàn. Ta ni yóò ti ìdí èyí sọ pé ìwé rẹ̀ gbè sẹ́yìn Ifẹ̀? Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni pé: lẹ́nu ta ni Egharevba ti gbọ́ ìtàn náà? Ǹjẹ́ ẹ̀rí mìíràn wà tí ó bá a mu tàbí tí ó takò ó?

Bí ìpàdé bá ti di ọ̀rọ̀ “àwọn tiwa” àti “àwọn tiwọn”, ọmọ ẹgbẹ́ tí baba rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Edo, yóò dákẹ́. Bóyá òun gan-an ni ó gbọ́ ìtàn náà láti ìhà méjèèjì.

Lóòótọ́, ìwà ẹni a máa kan ọ̀rọ̀ nígbà mìíràn. Bí akápò bá ní òun ti san owó gbọ̀ngàn, tí kò sí rìsíìtì, tí ó sì ti purọ́ nípa owó rí, ó tọ́ kí ẹgbẹ́ ṣiyèméjì, nítorí ẹnu rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú rìsíìtì wá, rìsíìtì náà ni kí wọ́n yẹ̀ wò, kí wọ́n sì bi ẹni tí ó ni gbọ̀ngàn.