Ṣé o mọ̀? Ẹ̀dọ̀ kì í sinmi nígbà ààwẹ̀

Bí o bá ń gbààwẹ̀, ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ tọ́jú pamọ́ ni ara kọ́kọ́ ń ná. Kò ju nǹkan bí 100 gíráàmù lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín wákàtí 24. Ọ̀rá ara á wá tú sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ á sì sọ ọ́ di ketone, èròjà tí ara lè fi ṣe agbára dípò ṣúgà. Ní 1967, dókítà olùwádìí George Cahill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston fi hàn pé ọpọlọ pàápàá ń lo ketone bí ààwẹ̀ bá pẹ́. Ohun ìyanu gidi ni! Ṣùgbọ́n nígbà tí o kò bá gbààwẹ̀, bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò bá pọ̀ jù lójoojúmọ́, ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ló ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọ̀rá. Nítorí pé ààwẹ̀ ń ná ṣúgà ara, bí o bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, jọ̀wọ́, rí dókítà kí o tó gbààwẹ̀.