Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé kí ọmọ lọ sí bọ́dìnì?

Ọmọ tó bá fẹ́ wọ JSS1 ní ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀, bíi King's College (1909) àti Queen's College (1927) l'Ékòó, á kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé tí NECO ń ṣètò. Àmọ́ bí ó bá tilẹ̀ yege, kí ẹ tó yan bọ́dìnì, ẹ yẹ nǹkan márùn-ún yìí wò:

1. Ìlera: Tí ọmọ bá ní ikọ́ fée tàbí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, ẹ bèèrè bóyá nọ́ọ̀sì ń sùn nínú ọgbà, àti ta ni yóò máa rí i pé ó lo oògùn.

2. Họ́sítẹ́ẹ̀lì: Ẹ má jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá nìkan. Ẹ wo omi, ilé ìwẹ̀, ilé ìyàgbẹ́, àti iye ọmọ tó ń sùn ní yàrá kan.

3. Síníọ̀: Tí síníọ̀ bá lu ọmọ yín, ta ni yóò sọ fún? Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, kì í ṣe olùkọ́ nìkan.

4. Owó: Owó ilé-ìwé nìkan kọ́. Mátíráàsì ń bẹ níbẹ̀, gààrí, mílíìkì, ọṣẹ, àti owó ọkọ̀ ọjọ́ àbẹ̀wò.

5. Ọmọ fúnra rẹ̀: Ṣé ó lè fọ aṣọ rẹ̀? Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ tí nǹkan bá ń dùn ún, àbí ṣe ló máa ń dákẹ́ jìyà?

Ẹ má sì torí pé ọmọ ń ya ìpáǹle kó o lọ sí bọ́dìnì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tí kò bá tíì tó àkókò, kó máa ti ilé lọ ná. Àwọn ilé-ìwé kan ń gba ọmọ sí bọ́dìnì ní SS1.