Oògùn Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Dì

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá kan wọ kíláàsì wa ní Ayétòrò pẹ̀lú ìgò oògùn méjì nínú àpò rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ni kò lù déédéé, ó sì ti tó bí ọdún mẹ́ta tí ó ti ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Èyí tí ọmọ rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù ti ń tán lọ. Àbúrò rẹ̀ kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá sìnkú ń lo irú oògùn kan náà, ó sì bù díẹ̀ fún un nínú tirẹ̀. Hóró inú ìgò méjèèjì pupa fẹ́ẹ́rẹ́, irú àwọ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní píńkì. Hóró kan lálaalẹ́ ni dókítà ní kí ó máa lò.

Ìyá náà bi wá pé, "Ọ̀gá tísà, ṣé àwọ̀ wọn ò bára mu ni? Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ti Amẹ́ríkà yìí lọ́la?"

A kò dá a lóhùn. A ní kí òun fúnra rẹ̀ ka nọ́ńbà tí ó wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan. Ó gbé awò rẹ̀ sójú. Lára ti Lọ́ńdọ̀nù ó ka 5, lẹ́tà mg sì tẹ̀lé e. Lára ti Amẹ́ríkà ó ka 1, mg sì tẹ̀lé e. Ó tún un kà. Ó gbójú sókè, ó ní, "Yéè! Ìdá kan nínú márùn-ún ni mo fẹ́ máa lò yẹn!"

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Warfarin ni orúkọ oògùn náà. Mg ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí oògùn inú hóró kan ti pọ̀ tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, hóró Warfarin tí ó jẹ́ píńkì jẹ́ 5 mg. Ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó jẹ́ píńkì jẹ́ 1 mg. Àwọ̀ kan náà, agbára ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìyá yìí bá ti lo ti Amẹ́ríkà ní hóró kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ì bá dì sí i nínú. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹni tí ń lo 1 mg ni ó lọ mú 5 mg, ẹ̀jẹ̀ ni ì bá máa dà lára rẹ̀. Àwọn tí ń lo oògùn yìí wà láàrin wa ní Ìlaròó, ní Ìmẹ̀kọ àti ní Ìdí-Ìrókò, àwọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn sì fi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ìdí tí a fi ń lò ó. Ẹ̀jẹ̀ dídì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun búburú. Bí ènìyàn bá fi àdá ṣá ara rẹ̀ lóko, tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dì, yóò dà títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Ẹni tí ó bá ti pa adìẹ rí mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí ó dà sínú àwo kì í pẹ́ kí ó tó dì bí ẹ̀kọ. Bí ó bá dì sínú ara ni ó di wàhálà. Ẹ wo odò Yewa. Níbi tí omi rẹ̀ ti ń ṣàn, ó mọ́ gaara. Níbi tí ó bá dúró sí lábẹ́ igi, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń kó jọ sí. Bí ọkàn bá ń lù déédéé, ẹ̀jẹ̀ ń lọ, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀. Bí ó bá ń lù ségesège, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á dúró sí kọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, á sì dì. Bí ègé tí ó dì yìí bá já, tí ó bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí, á dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ nìyẹn: apá kan á rọ, ẹnu á wọ́, ọ̀rọ̀ kò ní já gaara mọ́. Àwọn ará ilé á ní ayé ló ta á lọ́fà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń ba ọkàn jẹ́ dé ibi yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ogbó. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń dùn wá jù ni ti àwọn ọmọdé. Ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á ní ọ̀fun dídùn, wọn ò ní tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ibà á dé, oríkèé á máa wú, ara tí ń bá àrùn jà á sì máa ṣe ọkàn ara rẹ̀ léṣe. Àwọn ilẹ̀kùn kan wà nínú ọkàn tí ń ṣí tí ń tì, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa padà sẹ́yìn. Àwọn ilẹ̀kùn yìí ni yóò le, tí wọn kò sì ní ṣí dáadáa mọ́. Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, a rí ọmọ tí kì í lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré, a sì pè é ní ọ̀lẹ. A kò mọ̀ nígbà náà.

Nígbà mìíràn àwọn dókítà á yọ ilẹ̀kùn tí ó bàjẹ́, wọn á sì fi àtọwọ́dá sí i, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní ilẹ̀kùn irin. Ní ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ la ọkàn ènìyàn ṣe iṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà, ní Enugu. Ẹ̀jẹ̀ fẹ́ràn láti dì mọ́ ilẹ̀kùn irin yìí. Nítorí náà, ẹni tí ó ní in yóò máa lo Warfarin títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Aládùúgbò kan lè sọ fún yín pé, "Oògùn eku ni wọ́n ń fún ọ jẹ!" Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Láàrin ọdún 1920 sí 1930, àwọn màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Amẹ́ríkà àti ní Kánádà. Bí wọ́n bá gé ìwo wọn, ẹ̀jẹ̀ kì í dá. Koríko gbígbẹ tí ó ti bu, tí ó ń hu funfun bí búrẹ́dì ọlọ́jọ́ mẹ́fà, ni wọ́n jẹ. Ní ọdún 1933, àgbẹ̀ kan ní Wisconsin gbé òkú màlúù kan, pẹ̀lú agolo ẹ̀jẹ̀ tí kò dì, la inú ìjì yìnyín kọjá lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n Karl Link. Ọdún mélòó kan ni Link àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ fi yẹ koríko náà wò kí wọ́n tó rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Warfarin ti jáde. Ní 1948 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa eku. Ní 1954 wọ́n fọwọ́ sí i pé kí ènìyàn máa lò ó. Ní 1955 ọkàn Ààrẹ Eisenhower ti Amẹ́ríkà ṣe é, òun náà sì lò ó. Ìwọ̀n ni ó yàtọ̀. Iyọ̀ tí ń mú ọbẹ̀ dùn, bí ẹ bá da odidi abọ́ kan sínú ìkòkò, ta ni yóò jẹ ẹ́?

Báwo wá ni a ṣe ń mọ ìwọ̀n tí ó tọ́? Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà kan sórí káàdì yín. Lẹ́tà mẹ́ta ni ẹ ó rí níwájú nọ́ńbà náà: I.N.R. Ẹni tí kò lo oògùn yìí máa ń wà ní nǹkan bí 1. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, láàrin 2 àti 3 ni àwọn dókítà sábà máa ń fẹ́. Ẹni tí ó ní ilẹ̀kùn irin lè jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, bí 2.5 sí 3.5. Ẹ béèrè tiyín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá kéré, ẹ̀jẹ̀ lè dì. Bí ó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ lè dà. Ojú ọ̀nà tóóró ni, kòtò lọ́tùn-ún, kòtò lósì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn yóò máa pè yín fún àyẹ̀wò lemọ́lemọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, ó lè di oṣooṣù tàbí kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. A mọ̀ pé owó ọkọ̀ láti Ìmẹ̀kọ tàbí Ayétòrò dé Abẹ́òkúta kì í ṣe eré, a sì mọ bí wọ́n ti ń jókòó de dókítà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Síbẹ̀, ẹni tí ń lo oògùn yìí láì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò dà bí awakọ̀ tí ó dijú lórí ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ohun kan wà nínú ewé tútù tí ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì. Fítámì K ni wọ́n ń pè é. Ó wà nínú ewédú, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewé ugu. Nítorí èyí, àwọn kan á sọ fún aláìsàn pé kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀fọ́ mọ́ láéláé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọ́ dára fún ọkàn. Ohun tí a fẹ́ ni kí ó máa rí bákan náà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ń jẹ ewédú ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, òjò á rọ̀, ẹ̀fọ́ á kún ọjà, a ó máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn á dé, yóò wọ́n. Bí àsìkò bá ń yí padà tí oúnjẹ yín sì ń yí padà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá fẹ́ gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́. Alẹ́ ni púpọ̀ ń lo oògùn yìí, ẹni tí ó gba ààwẹ̀ Rámádánì lè lò ó lẹ́yìn tí ó bá ṣínu, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ sọ fún dókítà.

Oúnjẹ kọ́ ni ó ń bà wá lẹ́rù jù. Oògùn mìíràn ni. Gbogbo wa la mọ Alábùkún, tí olóògbé Jacob Odulate ṣe ní Abẹ́òkúta, tí ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Orí fọ́ wa, a da á sẹ́nu. Áásìpírìn ni ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú kaféènì. Áásìpírìn náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dáadáa, ó sì lè bó inú ikùn. Bí ó bá pàdé Warfarin, ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dà nínú ikùn láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ibuprofen àti àwọn hóró aromilára tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ rí bákan náà. Bí ara bá ń ro yín, parasitamọ́ọ̀lù sàn jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọjọ́ púpọ̀ láì sọ fún dókítà. Flagyl tí a ń rà nítorí inú rírun, àti Septrin, máa ń mú kí agbára Warfarin ga sókè. Oògùn ikọ́ ife lè mú kí ó rẹlẹ̀. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fi káàdì yín han oníkẹ́míìsì. Ẹ má sì jẹ́ kí ó gún yín ní abẹ́rẹ́ ìdí láì mọ̀ pé ẹ ń lo Warfarin, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè dà jọ sínú ẹran ara.

Àgbo ńkọ́? A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àgbo. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè wo inú ìgò àgbo kí ó sọ ohun tí yóò ṣe fún I.N.R. yín. Ògógóró tí wọ́n fi ń rẹ òmíràn kún ewu náà. Gbẹ́rẹ́ sínsín kò sí nínú ohun tí ẹni tí ń lo oògùn yìí ń ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ yọ eyín, ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà eyín.

Àwa tí a wà lẹ́bàá ẹnubodè tún ní tiwa lọ́tọ̀. Ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, Sintrom ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò dípò Warfarin. Iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n mg rẹ̀ kì í ṣe mg Warfarin. Ẹni tí ó bá ní ará ní Kétu tàbí Pọ̀bẹ̀, kí ó má ṣe gba oògùn rẹ̀ lò ní hóró fún hóró. Kí ẹ má sì lo méjèèjì pọ̀ láéláé.

Ẹ lè gbọ́ pé oògùn tuntun ti dé tí kì í béèrè àyẹ̀wò. Òótọ́ ni, ó sì dára fún àwọn kan. Ẹni tí ó ní ilẹ̀kùn irin kò gbọdọ̀ lò ó. Ní ọdún 2022 wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lára àwọn aláìsàn tí ó lé ní 4,500, ní orílẹ̀-èdè 24 ní Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà. Ọkàn tí ọ̀fun dídùn ọmọdé ti bà jẹ́ ni wọ́n ní. Àwọn tí ó lo Warfarin àti irú rẹ̀ kò kú tó àwọn tí ó lo oògùn tuntun tí wọ́n ń pè ní rivaroxaban.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ṣì ń bímọ, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Warfarin lè ba ọmọ inú oyún jẹ́, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó lóyún. Bí nǹkan oṣù bá sì fò, ẹ lọ rí i lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín, nítorí ọkàn ìyá náà wà nínú ewu.

Ẹ máa lo oògùn ní àkókò kan náà lálaalẹ́, bí ìgbà tí ẹ bá kírun Mọ̀gáríbì tán, tàbí nígbà ìròyìn alẹ́ lórí rédíò. Bí ẹ bá gbàgbé, tí ẹ sì rántí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ lò ó. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ fi ti àná sílẹ̀. Ẹ má lo méjì pọ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ imú bá dà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, bí ìtọ̀ bá pupa, bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, bí ẹ bá bì tí ó sì rí bí gèdègédé kọfí, tàbí bí ara bá ń dúdú bí ti ẹni tí wọ́n nà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò nà yín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Bí ẹ bá ṣubú tí ẹ fi orí gbálẹ̀, ẹ lọ, kódà bí kò bá dùn yín. Ẹ̀jẹ̀ inú orí kì í kígbe. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ lójijì, tàbí bí ẹnu bá wọ́, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń fi ìwé ìdárayá ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣe ìwé oògùn báyìí. Ó fa ìlà mẹ́rin sí i: ọjọ́, mg tí òun lò, I.N.R., àti ohun tuntun tí òun jẹ tàbí mu. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó mú un wá sí kíláàsì kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kọ "ewédú" láì fi àmì sí i. A fi gègé wa sí i fún un.