Ilẹ̀ Ta Ni Ó Fẹ̀ Jù?

Àwọn ọmọ kíláàsì kan fẹ́ gbin ata sí oko ilé-ìwé. Olùkọ́ pín wọn sí ẹgbẹ́ 2, ó sì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀. Ilẹ̀ ẹgbẹ́ kìíní rí tẹ́ẹ́rẹ́: gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 6, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 2. Ilẹ̀ ẹgbẹ́ kejì jẹ́ mítà 4 ní gígùn, mítà 4 ní ìbú.

Wọ́n mú okùn, wọ́n fi yí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká. Okùn mítà 16 ni ti àkọ́kọ́ gbà. Mítà 16 náà ni ti èkejì gbà. Wọ́n pariwo pé: « Ilẹ̀ wa dọ́gba! »

Ṣé òótọ́ ni? Nínú àwọn kíláàsì tí mo ń bẹ̀ wò, ìbéèrè yìí máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ gan-an.

Okùn sọ bí etí ilẹ̀ ṣe gùn tó. Ó wúlò bí a bá fẹ́ ṣe ọgbà yí i ká kí ewúrẹ́ má baà wọlé. Ṣùgbọ́n ata kò ní hù sórí okùn. Inú ilẹ̀ ni yóò hù. Nítorí náà, inú ilẹ̀ ni kí a wọ̀n.

Mú igi kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1. Fi eérú fa ìlà sórí ilẹ̀, kí ó pín sí ojú onígun mẹ́rin. Etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 1. Má fi àlàfo sílẹ̀, má sì jẹ́ kí ojú kan gun orí èkejì. Irú ojú kan bẹ́ẹ̀ ni èdè Faransé ń pè ní mètre carré.

Wàyí o, kà wọ́n. Ilẹ̀ ẹgbẹ́ kìíní dà bí ọpọ́n ayò: ìlà 2, ojú 6 ní ìlà kọ̀ọ̀kan. 6 lọ́nà 2 jẹ́ 12. Ilẹ̀ ẹgbẹ́ kejì ní ìlà 4, ojú 4 ní ìlà kọ̀ọ̀kan. 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16. Bí ojú kan bá gba igi ata 4, ẹgbẹ́ kìíní yóò gbin 48, ẹgbẹ́ kejì yóò gbin 64. Ẹ ò rí i pé wọn kò dọ́gba!

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́. Bí o bá bi wọ́n bí oko iṣu wọn ṣe tó, iye ebè ni wọn yóò sọ: igba ebè, irinwó ebè. Ohun tó kún inú oko ni wọ́n ń kà. Àmọ́ ebè ẹnìkan lè tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ. Mítà kì í yí padà, ì báà jẹ́ ní Kétu, ì báà jẹ́ ní Àjàṣẹ́.

Ilẹ̀ onígun mẹ́ta ńkọ́? Mú ìwé onígun mẹ́rin, gé e láti igun kan dé igun tó kọjú sí i. Gbé apá kan lé èkejì: wọ́n bára mu. Ìdajì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí odindi bá jẹ́ ojú 16, onígun mẹ́ta kan jẹ́ ojú 8.

Ó kù sí ọ lọ́wọ́: olùkọ́ fẹ́ fi kún gígùn ilẹ̀ ẹgbẹ́ kìíní, kí ó lè fẹ̀ tó ti ẹgbẹ́ kejì. Ìbú rẹ̀ yóò ṣì jẹ́ mítà 2. Mítà mélòó ni yóò fi kún un? Yà á sórí iyanrìn, kí o sì kà á.