Bí Mo Ṣe Ń Múra Lásìkò Ọyẹ́ ní Jos

Ní Ìtamága níbí, bùbá àdìrẹ kan ti tó mi. Àfìgbà tí wọ́n pín mi sí Jos gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀. Orí òkè ni Jos wà, ó fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju òkun lọ. Ìdí nìyẹn tí òtútù ibẹ̀ fi ju ti Ìkòròdú lọ.

Jákẹ́ẹ̀tì nínípọn kan ni mo sáré rà. Tí mo bá wo dígí, n kì í dá ara mi mọ̀. Tó bá sì dọ̀sán, òógùn á bò mí.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé aṣọ kọ́ ló ń mú ooru wá, ooru ara wa ló ń dì mú. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ kan sí èkejì ni kì í jẹ́ kó tètè sá lọ. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó fún mọ́ra nìyẹn, tí mo wọ bùbá àdìrẹ mi lé e, tí mo wá da kíjìpá tí ìyá mi fún mi bo èjìká. Bí oòrùn bá yọ, màá ká kíjìpá sínú báàgì.

Ẹ̀yin tó ń lọ sílùú tí òtútù ti ń mú, ẹ má fi aṣọ yín sílẹ̀ sílé. Ẹ máa wọ̀ wọ́n léra ni.