Jósẹ́fù Mímọ́ ní Le Havre: Ilé Àdúrà tí a fi Ọ̀fọ̀ kọ́

Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe yìí bá ṣọ́ọ̀ṣì Jósẹ́fù Mímọ́ mu, ní Le Havre, ìlú èbúté ní ilẹ̀ Faransé.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣì wà ní ìlú náà. Ọkọ̀ òfuurufú àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá, wọ́n sì da bọ́ǹbù bo àárín ìlú. Ẹ gbọ́ ohun ìbànújẹ́: àwọn tí ń bọ̀ wá gba ìlú sílẹ̀ ni ó wó o. Nǹkan bí 5,000 ará ìlú ni ogun náà pa. 80,000 di aláìnílé. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà wó lulẹ̀.

Auguste Perret ni ìjọba fi ṣe olórí àtúnkọ́ ìlú. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Perret kú ní 1954. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí rẹ̀ ní 1957. Kọ́ǹkéré lásán ni, láìsí ọ̀dà, láìsí wúrà. Pẹpẹ wà láàárín, àwọn ènìyàn sì jókòó yí i ká, kí Àpéjọ Ńlá Kejì ti Vatican tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Lókè pẹpẹ ni ilé gogoro dìde, ó ga ní mítà 107. Àwọn atukọ̀ ń rí i láti ojú òkun.

Níbo wá ni ẹwà rẹ̀ wà? Nínú dígí ni. Arábìnrin Marguerite Huré, tí ó ti bá Perret ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Raincy ní 1923, ni ó ṣètò dígí aláwọ̀ 12,768 sára ògiri. Kò ya àwòrán ẹni mímọ́ kankan sí i. Àwọ̀ wọn jinlẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń mọ́ sí i bí a ti ń gòkè. Bí oòrùn ti ń rìn, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ń rìn lára kọ́ǹkéré.

Ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni ìrántí àwọn òkú ọdún 1944. Bí ẹnìkan bá béèrè pé, “Èéṣe tí ọwọ́ ọ̀rẹ́ fi pa wá?” ògiri kò dá a lóhùn, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ní 2005, UNESCO ka àárín ìlú tí a tún kọ́ náà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé.

Ará, nígbà tí a bá ń dá owó ilé Ọlọ́run, ẹ má jẹ́ kí ojú tì wá pé ògiri wa kò ní ọ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi àyè sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀, kí a sì máa rántí àwọn òkú wa. Jósẹ́fù Mímọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà Násárẹ́tì, gbàdúrà fún wa.