Ìpadàsanra lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Àpòlúkù: Okùnfà àti Ọ̀nà Àtúnṣe

Ìfáárà

Ohun tó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí ìsanrajù, tí ara wọn sì fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í sanra lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ìpadàsanra ni a ó máa pe èyí. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ọ̀fun ló kó bá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé ìtìjú tí irú ọ̀rọ̀ yìí ń fà ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí

Ní ọdún 1966, Edward Mason ti Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ṣe iṣẹ́ abẹ kan tó fi dín àyè oúnjẹ nínú àpòlúkù kù, tó sì so ibi kékeré tó kù mọ́ ìfun. Nínú ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Swídìn ní 1987, àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí pàdánù ìdá 32 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn láàárín ọdún kan sí méjì. Nígbà tó di ọdún kẹwàá, ó ku ìdá 25. Èyí ni pé ẹni tó wọn 120 kílò yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí 82, yóò sì tún gòkè dé 90. A rí i pé ìpadàsanra díẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì, àti pé èyí tó pọ̀ jù nínú èrè iṣẹ́ abẹ náà ṣì wà nílẹ̀.

Okùnfà

Oríṣi okùnfà mẹ́ta ni a lè tọ́ka sí. Èkíní wá láti inú ara fúnra rẹ̀: bí ìwọ̀n bá dín kù, ebi a máa pani sí i, agbára tí ara ń ná lójúmọ́ a sì dín kù. Èkejì jẹ mọ́ ojú iṣẹ́ abẹ: àpòlúkù tí a dín kù lè fẹ̀, ẹnu ọ̀nà tó lọ sínú ìfun sì lè là sí i. Ẹ̀kẹta ni ìṣesí àti ipò ẹni: ọtí, ẹlẹ́rìndòdò, ìpápánu ìgbà gbogbo, ìbànújẹ́ ọkàn, àti àwọn oògùn kan tí ń mú ni sanra. Ohun mímu aládùn a máa yọ̀ kọjá láìmú ni yó.

Ọ̀nà àtúnṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Kí á tó wá àtúnṣe, ó yẹ kí á mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ dókítà ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó lè yẹ ojú iṣẹ́ abẹ àti àwọn oògùn wò. Lẹ́yìn èyí, kí ẹni náà kọ gbogbo ohun tó ń jẹ àti èyí tó ń mu sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà ṣáájú ẹ̀bà nínú oúnjẹ rẹ̀. Kí ó máa rìn, kí ó sì máa ṣe eré tí ń mú iṣan le. Kò gbọdọ̀ fi ebi pa ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dá fítámì tí wọ́n ní kó máa lò dúró. Bí èyí kò bá tó, dókítà lè fún un ní oògùn tí ń dín ebi kù, tàbí kí ó tún iṣẹ́ abẹ náà ṣe.

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé ìpadàsanra ní okùnfà tí a lè wádìí, tí a sì lè tún ṣe. Ẹni tó bá tètè padà síbi ìtọ́jú kò pàdánù ohun tó ti jèrè. Ìbáwí kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí.